Ìpàkọ́ Ìníolúwa

Ìníolúwa pé oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́rin lọ́jọ́ tí ìyá bàbá rẹ̀ dé sí Òṣogbo láti Ìbòkun. Wọ́n ní kí Màmá wá bá àwọn tọ́jú ọmọ, nítorí ìsinmi ìbímọ Fúnmilọ́lá ti fẹ́ parí, ọ̀gá iléèwé girama níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò sì ti pè é lẹ́ẹ̀mejì pé ìgbà wo ló ń bọ̀. Màmá kò tíì jókòó, kò tíì mu omi, àpò iṣu tó gbé wá ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, tó fi ní kí wọ́n gbé ọmọ òun fún òun. Ó gbà á, ó ń kì í ní ọmọ Owá, ó ṣí fìlà kó lè fọwọ́ pa á lórí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójijì.

"Ta ló jókòó lé ọmọ mi lórí?"

"Kò sẹ́ni tó jókòó lé e lórí, Màmá," Fúnmilọ́lá dáhùn.

"Ìpàkọ́ rẹ̀ wá dà? Ẹ wò ó o! Ibí yìí tẹ́ pẹlẹbẹ bíi pákó tí alápatà fi ń gé ẹran. Ọlágòkè, ìwọ náà ń wò ó báyìí?"

Ọlágòkè ni ọkọ Fúnmilọ́lá, òun sì ni àbíkẹ́yìn Màmá. Ó wo ìyàwó rẹ̀ kó tó wo ìyá rẹ̀. "A ti rí i, Màmá. A ń wá nǹkan ṣe sí i."

"Kí lẹ ń wá? Ṣé ó sọnù ni?"

Fúnmilọ́lá wọ kíṣìnnì lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ìkòkò tó ti fọ̀ láàárọ̀.

Kì í ṣe pé kò rí i. Láti ìgbà tí ọmọ ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ti rí i. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ lápá ọ̀tún ń tẹ́ wọlé, etí ọ̀tún ń sún síwájú díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá dúró lókè tó wò ó, orí náà dà bíi búrẹ́dì tí ẹrù tẹ̀ nínú báàgì. Láti ìgbà náà ló ti ń ra fìlà. Fìlà mẹ́sàn-án ni Ìníolúwa ní, nínú ooru Òṣogbo. Bí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò, á ní apá òsì ni kí wọ́n ti yà á.

Ó sì ti béèrè. Níbi abẹ́rẹ́ àjẹsára, nọ́ọ̀sì kan tí èrò ti pọ̀ jù fún fọwọ́ kan orí ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní, "Ìyá ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń rí. Tó bá ti ń jókòó, á yíká. Ta ló kàn?" Ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ládùúgbò, dókítà wo ọmọ láti òkè awò ojú rẹ̀, ó kọ fítámì olómi fún un. Fúnmilọ́lá béèrè pé kí ni fítámì fẹ́ ṣe sí orí tó tẹ́. Dókítà ní kò lè pa á lára.

Ní ti Ọlágòkè, fóònù ni dókítà tirẹ̀. Iṣẹ́ sólà ló ń ṣe, láti orí òrùlé kan dé òmíràn, ṣùgbọ́n bó bá ti délé tó jẹun tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"Wọ́n ní ó lè jẹ́ pé eegun orí ti so pọ̀ kó tó yẹ kó so pọ̀."

"Ta ni wọ́n?"

"Àwọn ará Kánádà."

"Àwọn ará Kánádà rí Ìníolúwa níbo?"

"Wọ́n ní akoto kan wà tí wọ́n máa ń dé sí ọmọ lórí. Wákàtí mẹ́tàlélógún lójúmọ́."

"Nínú ooru yìí?"

Kò ra akoto. Ìrọ̀rí ló rà, èyí tí wọ́n lu ihò sí láàárín, tí ẹni tó tà á lórí fóònù ṣèlérí pé orí á yíká láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún. Lọ́jọ́ kìíní gan-an, Ìníolúwa fa orí yọ nínú ihò náà, ó sì ti imú bọ inú fóòmù. Fúnmilọ́lá ju ìrọ̀rí sókè kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní ẹni tó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ yóò rí òun.

Màmá kò ní irú fóònù bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ló ní. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á tẹ́ ọmọ sórí itan, á ki aṣọ ìnura bọ omi gbígbóná, á fún un, á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orí. Á fi òrí pa á. Á fi àtẹ́lẹwọ́ ti ìpàkọ́, á ti iwájú orí, á tún ti ẹ̀gbẹ́, ọmọ á máa ké bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbé e tà. Fúnmilọ́lá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa ká ọwọ́ lẹ́rán.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Àwùjẹ̀ rẹ̀ ò tíì le."

"Ọmọ márùn-ún ni mo tẹ orí wọn. Ìwọ, mélòó lo ti tẹ̀?"

Ọmọ kan ṣoṣo ni Fúnmilọ́lá bí.

Èyí tó ń dùn ún jù ni pé gbogbo èèyàn ló mọ ẹni tó jẹ̀bi. Obìnrin tó ń ta ẹ̀pà lẹ́nu géètì iléèwé mọ̀ ọ́n. Ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ ọ́n, ó tilẹ̀ sọ ọ́ létí àwọn ẹlòmíràn pé àwọn ìyá ìsinsìnyí kì í pọ̀n ọmọ mọ́, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń jù wọ́n sí kí wọ́n lè ráyè tẹ fóònù. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé Ìníolúwa jáde. Wọ́n ní Fúnmilọ́lá kò gbọdọ̀ so ọ̀já mọ́ ojú ọgbẹ́. Wọ́n tún kìlọ̀ fún un pé kó máa fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ tó bá ń sùn, kí èémí má baà há a. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é, kò fo ẹyọ kan. Ohun tó sì rí gbà níbẹ̀ ni orí tó tẹ́ àti aráyé tó ń bi í pé kí ló dé tí kò tọ́jú ọmọ.

Lọ́sẹ̀ kẹrin tí Màmá ti dé, lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Fúnmilọ́lá ń ti iléèwé bọ̀, ó gbọ́ igbe ọmọ láti ẹnu géètì. Igbe yìí kò jọ ti ebi, kò sì jọ ti oorun. Ó sáré wọlé. Màmá gbé ọmọ sẹ́sẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́ fún un, ó ń kọrin fún un. Ó ti ya ankárá tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi wé orí ọmọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ó sì ká aṣọ kan nípọn sábẹ́ rẹ̀ lápá ibi tó yọ, kó lè máa tì í sínú. Ojú ọmọ ti pọ́n. Ojú aṣọ náà ti wọ iwájú orí rẹ̀.

Fúnmilọ́lá kò bọ́ bàtà. Ó mú sísọ́ọ̀sì lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó gé aṣọ náà já, ó sì gba ọmọ rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"

"Ta ni mo fẹ́ pa? Ọmọ ọmọ mi?"

"Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti dé, ọmọ yìí ò rí ìsinmi. Láàárọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́. Nírọ̀lẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá ń dì í bí ẹrù báyìí. Ó ti sú mi! Tó bá jẹ́ pé ẹ mọ orí tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni, kí ló wá ṣe orí Bọ̀dá Ọdúntán?"

Ọdúntán ni àkọ́bí Màmá. Àbújá ló ń gbé. Ọjọ́ ìgbéyàwó òun àti Ọlágòkè nìkan ni Fúnmilọ́lá rí i láì dé fìlà, ìpàkọ́ rẹ̀ sì tẹ́ bí ògiri. Kò sẹ́ni tó máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ẹbí. Bí gbólóhùn náà ṣe jáde ni Fúnmilọ́lá mọ̀ pé òun ti ṣìnà.

Màmá kò pariwo. Ó ṣa aṣọ tí wọ́n gé já nílẹ̀, ó ká a, ó fi í sórí àga. Bí inú bá bí i dénú, èdè Ìjẹ̀ṣà ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu. "Ulé mi ni mo ń lọ," ló sọ. Ó wọ yàrá, ó di ẹrù rẹ̀. Nígbà tí Ọlágòkè máa dé, ó ti wọ mọ́tò.

Ọlágòkè gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó jókòó sórí àga, ó gbé ọwọ́ lérí.

"Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé, ìyẹn lo rí sọ fún ìyá mi."

"O ò rí àpá aṣọ lórí ọmọ ni?"

"Mo rí i. Mo ní, nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé."

Ọjọ́ méjì ni wọn kò bára wọn sọ ju "omi ti hó" àti "mo ti jáde" lọ. Iṣẹ́ gbé Ọlágòkè lọ sí Iwaraja, níbi tó ti ń to sólà sórí ilé olóyè kan tó ti fẹ̀yìn tì. Fúnmilọ́lá bẹ ọ̀gá iléèwé, ó tún gba ọjọ́ mẹ́ta sí i, ọ̀gá sì fún un bí ẹni tó ń fún un ní ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀.

Àsìkò ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ó tó rí ọmọ rẹ̀ wò. Nígbà tí ilé kún, orí nìkan ni gbogbo wọn ń wò. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó jókòó sápá òsì Ìníolúwa, ó mi ìdì kọ́kọ́rọ́. Ọmọ gbọ́. Ẹyin ojú rẹ̀ lọ sí igun lápá òsì, ó dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n àgbọ̀n rẹ̀ kò tẹ̀ lé e. Ó jà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó yí gbogbo ara pọ̀ bí igi tí wọ́n yí. Fúnmilọ́lá dìde, ó lọ sápá ọ̀tún, ó mi kọ́kọ́rọ́. Wéré, orí ti yí.

Olùkọ́ ìṣirò ni. Ó mú ìwé, ó fa ìlà sí i láàárín. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá lápá ọ̀tún, lẹ́ẹ̀mẹwàá lápá òsì, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, pẹ̀lú ṣíbí àti kọ́ọ̀pù, pẹ̀lú ohùn tirẹ̀. Ọ̀tún, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Òsì, òdo. Ó jókòó, ó ń wo ìwé náà. Ó wá rántí pé láti ìgbà tó ti bí i, ọmọ kì í fẹ́ mu ọyàn ọ̀tún. Á jà, á ké, á kọ̀ ọ́. Ó ti rò pé omi ọyàn ibẹ̀ ni kò dáa tó, ó tilẹ̀ ti jẹ ọ̀gì títí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́. Bó bá gbé e sí ọyàn ọ̀tún, òsì ni ọmọ ní láti kọjú sí.

Ó pe Ọlágòkè lórí òrùlé.

"Kì í yí ọrùn sí òsì."

"Ta ni?"

"Ta lo rò? Ọmọ rẹ! Kì í yí i. Mo ti kà á."

Ọlágòkè ní onílé tí òun ń bá ṣiṣẹ́ ti ní àrùn rọpárọsẹ̀ rí, obìnrin kan ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Iléṣà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú iṣan tí wọ́n ń pè ní fisió, ló mú un rìn padà. Ó ní obìnrin náà ń wo ọmọdé pẹ̀lú. Wọ́n fi àdéhùn sí ọjọ́ Ajé, kí Fúnmilọ́lá gbé ọmọ wá láti Òṣogbo, kí òun bọ̀ láti Iwaraja.

Lọ́jọ́ náà, ní ibùdókọ̀ Old Garage, ọkọ̀ Iléṣà kò tètè kún. Ooru mú, Fúnmilọ́lá ṣí fìlà ọmọ. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí obìnrin ẹ̀yìn fi na ọrùn.

"Ìyá ọmọ, ẹ máa pọ̀n ọn o."

"Omi gbígbóná ni," obìnrin kejì fèsì. "Omi gbígbóná àti òrí."

Awakọ̀ wo dígí. "Ẹ gbé e fún àgbà kan kó tẹ̀ ẹ́. Orí tó rí báyìí, kì í dáa fún ọkùnrin."

Fúnmilọ́lá yíjú padà pátápátá. Ohùn tó fi ń dá kíláàsì dúró ló fi sọ̀rọ̀. "Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí orí tiẹ̀ bá yíká dáadáa nínú ọkọ̀ yìí, kó nawọ́ sókè. Ẹ ṣí gèlè, ẹ ṣí fìlà, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án kó dá mi lójú."

Awakọ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fọwọ́ pa ìpàkọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Tèmi gan-an ní kókó." Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ orí títí wọ́n fi dé Iléṣà.

Ìyáàfin Akínladé ni orúkọ obìnrin fisió náà. Ó kúrú, ó gé èékánná rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì kọ́kọ́ wo orí. Ó ní kí wọ́n tẹ́ ọmọ sórí ẹní, ó fà sẹ́yìn, ó ń wò ó láì fọwọ́ kàn án.

"Ọ̀tún ló fẹ́ràn," ó ní.

Omijé bọ́ lójú Fúnmilọ́lá lójijì, ojú sì tì í. Láti oṣù méjì, ẹni àkọ́kọ́ tó wo ọmọ rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ nìyí. Ó fa ìwé yọ nínú báàgì.

"Ẹ kà á?" Ìyáàfin Akínladé béèrè.

"Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ."

"Ẹ bá kọ́ àwọn dókítà náà." Ó na ìka méjì, ó fi wọ́n rìn díẹ̀díẹ̀ lápá òsì ọrùn ọmọ, ó dúró. Ó mú ìka Fúnmilọ́lá, ó gbé e síbẹ̀. Nǹkan kan wà nínú iṣan náà, ó le, kò tóbi ju kóró ẹ̀wà lọ. "Iṣan yìí ló sún kì. Kò jẹ́ kó lè yí ọrùn sí òsì. Ó wá ń fi apá ọ̀tún sùn lójoojúmọ́. Eegun orí ọmọdé ṣì rọ̀, ibi tó bá ń gbé e lé ni yóò tẹ́. Ọrùn ló ń ṣe é. Orí kàn tẹ̀ lé e ni."

"Ṣé èmi ni mo fà á?"

"Rárá. Ó lè jẹ́ bó ṣe ká jọ nínú oyún."

Ọlágòkè, tí eruku òrùlé ṣì wà lára rẹ̀, béèrè nípa eegun tó ń so pọ̀, ó sì béèrè nípa akoto. Wọ́n pe dókítà ọmọdé láti yàrá kejì, òun náà tẹ gbogbo ojú oríkèé orí, ó ní kò sí ibi tó so pọ̀. Akoto kọ́ ló kàn, Ìyáàfin Akínladé sọ. Ẹ jẹ́ ká tú ọrùn ná. Ó fi bí wọ́n á ṣe máa ṣe é hàn wọ́n: ọwọ́ kan lórí èjìká, ọwọ́ kejì á yí àgbọ̀n ọmọ lọ sí èjìká òsì, wọ́ọ́rọ́wọ́, á dúró síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ etí ọ̀tún sí èjìká ọ̀tún. Lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Bó bá jí, ẹ dà á délẹ̀ kó dọ̀bálẹ̀. Gbogbo ohun tó bá fẹ́ rí, òsì ni kẹ́ ẹ gbé e sí.

"Ó máa ké," ó ní. "Ẹ má fi agbára fà á, ṣùgbọ́n ẹ má torí igbe fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá mọwọ́ ọmọ ló lè ṣe é. Ta ló máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́sàn-án?"

Tọkọtaya náà wo ara wọn.

Ìbòkun kò jìnnà sí Iléṣà. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n lọ. Màmá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá. Ó rí wọn láti ọ̀nà, kò dìde. Ó ní "ẹ káàbọ̀" fún Ọlágòkè àti ọmọ. Ti Fúnmilọ́lá kò sí nínú rẹ̀.

Fúnmilọ́lá kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.

"Màmá, mo wá bẹ̀ yín. Aṣọ tí mo gé, bó bá tún di ọ̀la, màá tún gé e. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa Bọ̀dá Ọdúntán ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún. Kò yẹ kí n sọ ọ́. Ẹ foríjì mí."

Màmá bó ẹ̀gúsí mẹ́ta, mẹ́rin.

"Ṣé o mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é ní iléèwé?" ó béèrè. "Pẹpẹ. Wọ́n á gbé ìwé lé e lórí, wọ́n ní kó rìn, wọ́n ní pẹpẹ kì í da nǹkan nù. Á wálé, aṣọ á ti ya. Ìyá ọkọ mi ní èmi ni mi ò mọ ọmọ wẹ̀, pé ọmọge ọlẹ ni ọmọ òun lọ gbé wálé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà yẹn. Nígbà tí mo bí èkejì, mo tẹ orí rẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro mí. Gbogbo àwọn tó kù, mo tẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin rò pé mo kàn fẹ́ràn kí ọmọ máa ké ni?"

Ọlágòkè kò gbọ́ èyí rí. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Fúnmilọ́lá gbé ọmọ sórí itan Màmá, ó mú ìka rẹ̀, ó fẹ́ gbé e lọ sí ọrùn. Kò pọn dandan. Bí ìka ìyá àgbà náà ṣe kan abẹ́ etí ọmọ ni ó rí i fúnra rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Òun ló ń ṣe é, Màmá. Orí kọ́. Kò lè yí ọrùn sí òsì."

Màmá tún un tẹ̀. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ wọn apá kejì, ó padà sí ti àkọ́kọ́. Inú bí i, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe sí ìyàwó. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin! Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ni mo fi ń wẹ ọmọ yìí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, orí nìkan ni mò ń dì mú bí ẹni tó ń mọ ìkòkò. Kóró yìí wà níbẹ̀!" Ó wo Fúnmilọ́lá. "Dìde nílẹ̀, kí orúnkún rẹ má bó. Kí ni wọ́n ní ká ṣe?"

Wọ́n fi hàn án. Ó ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ti pọ̀ jù. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ. Ó ní ta ló fẹ́ máa wo aago nígbà tí ọmọ ń ké, òun á máa fi orin kà á. Ó kọ ègbè kan nínú àwọn orin ìjọ wọn lẹ́ẹ̀mejì, Ọlágòkè fi fóònù wọ̀n ọ́n: ọgbọ̀n ó lé méjì. Ó di ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó tẹ̀ lé wọn padà sí Òṣogbo.

Ẹni tó bá rò pé àlàáfíà dé nìyẹn kò tíì bá Màmá gbé. Láti ọjọ́ náà, òun ló di ọ̀gá fisió. Bí Fúnmilọ́lá bá gbé ọmọ sí apá tí kò yẹ, á gbọ́ ọ láti kíṣìnnì: "Òsì! Mo ní òsì!" Ó yí bẹ́ẹ̀dì ọmọ padà, ó gbé tẹlifíṣọ̀n kúrò níbi tó wà láti ọdún mẹ́ta, wáyà rẹ̀ wá ń kọ́ gbogbo èèyàn lẹ́sẹ̀. Bí Ọlágòkè bá ti ibi iṣẹ́ dé tó fẹ́ bá ọmọ ṣeré, á ní kó lọ jókòó sápá òsì, bó bá kọ̀, kó máa lọ jẹun rẹ̀. Àlejò tó bá wá, Màmá á mú ìka rẹ̀ lọ síbi kóró náà, títí Fúnmilọ́lá fi ní ọrùn ọmọ òun kì í ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ń fi han àwọn àlejò.

Ìníolúwa kórìíra yíyí ọrùn náà tọkàntọkàn. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, bó bá ti gbọ́ ègbè orin náà ló ti ń bú sẹ́kún, tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Fúnmilọ́lá ní láti gbé e jáde. Ọjọ́ mìíràn wà tí ó sú òun náà, tó jókòó sílẹ̀ nínú bàlùwẹ̀ tó ní òun kò ṣe mọ́, kí ọmọ máa wo ọ̀tún títí yóò fi gbéyàwó. Màmá ló ṣe ti ọjọ́ náà, márààrún.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni. Fúnmilọ́lá ń máàkì ìwé ìdánwò lórí tábìlì, ọmọ wà lórí ẹní. Ọkùnrin kan tó ń fi gbohùngbohùn polówó oògùn èkúté gba ọ̀nà òpópónà kọjá lápá òsì ilé. Ìníolúwa gbé orí, ó yí àgbọ̀n rẹ̀, ó wo fèrèsé. Èjìká rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Fúnmilọ́lá ju bírò sílẹ̀.

"Màmá! Ẹ wá!"

Màmá sáré dé pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún fóòmù ọṣẹ. Ọmọ ti padà wo ọ̀tún. Wọ́n jókòó sílẹ̀, àwọn obìnrin méjèèjì, wọ́n ń dúró de ẹlòmíràn tó máa polówó nǹkan kọjá. Ó tó wákàtí kan kí alákàrà kan tó kọjá. Ìníolúwa tún yí ọrùn.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́wàá, Ìyáàfin Akínladé ní kí wọ́n má wá mọ́, àfi bí wọ́n bá rí nǹkan. Ọrùn ti tú pátápátá, kóró náà kò sí mọ́. Orí ní tirẹ̀ ti yíká dé ìwọ̀n tó lè yíká dé báyìí. Ó ní yóò tún ṣe díẹ̀ sí i bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí pé yóò pé.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, irun ọmọ ti kún jù, ó sì ń yún un nínú ooru. Fúnmilọ́lá gbé àga sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi kílíípà ọkọ rẹ̀ gé apá kan. Ibi tó tẹ́ wà lẹ́yìn etí ọ̀tún, kò ju ẹyin adìyẹ lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, wọ́n ń wò ó.

"Ó ṣì tẹ́," Màmá sọ.

"Ó tẹ́ díẹ̀," Ọlágòkè sọ. "Wọ́n ní tó bá pé ọdún méjì—"

"Ẹ jẹ́ kó tẹ́," Fúnmilọ́lá ní. Ọmọ ti ń nawọ́ sí kílíípà, ó fẹ́ gbé e sẹ́nu, irun sì ti kún ojú rẹ̀. "Ẹ bá mi dì í mú, kí n rí apá kejì gé."